Ìwádìí Lórí Àwọn Tó Ń Dúró

"Màmá, kí ló mú yín pẹ́ tó báyìí lórí bẹ́ǹṣì?" ni dọ́kítà tó ń kọ́ṣẹ́ bi Ìyá Elvire, onígàrí láti Sakété, tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ tára rẹ̀ ń gbóná lé ẹsẹ̀.

"Dọ́kítà ni mò ń dúró dè."

"Dọ́kítà wo?"

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni?"

Ọ̀gá ilé ìwòsàn wọn ní Pobè ti ṣèlérí owó ńlá fún akọ́ṣẹ́ tó bá ṣe ìwádìí. Dọ́kítà yìí ń wádìí ohun tó ń mú aláìsàn pẹ́. Owó náà ló fẹ́ fi gbéyàwó.

"Ó ku ìbéèrè mẹ́ta."

"Ẹ kọ́kọ́ wo ọmọ yìí ná."

Ó wò ó, ó fún un lóògùn. Ìyá Elvire pọn ọmọ.

"Ìbéèrè wa ńkọ́, màmá?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò dúró mọ́."

Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àwọn tó kù lórí bẹ́ǹṣì ṣe: wọ́n gba ìtọ́jú, wọ́n lọ. Ó tọ́jú oníkọ́, ó di ọgbẹ́ ẹlòmíràn, ó tiẹ̀ gbẹ̀bí aboyún kan. Nígbà tó máa gbójú sókè, bẹ́ǹṣì ti ṣófo.

"Mo gbé!" ló kígbe.

Ó jókòó síbẹ̀, ó ń dúró de ẹni tí yóò wá dúró.