Ìwé Àṣẹ Láti Ilé

Àyè kan ṣoṣo ni yunifásítì ní fún olùkọ́ tó máa lọ ṣèwádìí fún ọdún méjì lókè òkun. Bí fọ́ọ̀mù ẹni méjì bá pé, àgbà ni wọ́n ń mú. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ra àpótí ìrìn àjò.

Òun ló ṣòfin ìwé àṣẹ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó gbé e wá sípàdé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí òkè Sínáì sọ̀ kalẹ̀: ẹni tó bá ti ṣègbéyàwó ò gbọdọ̀ lọ láìmú ìwé àṣẹ wá láti ilé.

"Ẹ kọ ọ́ pé 'ọkọ tàbí aya'," ó ní, "kí wọ́n má baà ní obìnrin là ń bá jà."

Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, obìnrin kan ò tíì lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù máa parí, ìyàwó rẹ̀ ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Màmá wọn, ìwé mi dà?"

"Ṣé ẹ ò lè lọ láìsí i ni, Bàbá wọn?"

"Áńgẹ́lì gan-an ò lè lọ láìsí i. Ta ló ṣòfin ọ̀hún?"

Obìnrin náà ṣí àpótí rẹ̀, níbi tí ìwé ìgbaniwọlé tí yunifásítì kọ sí i nígbà kan ti ń gbó lọ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a padà. Ó mú bébà tuntun, ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó fi sínú àpò ìwé, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa.

"Ẹ ò ní kà á?"

"Kí n ka kí ni? Ṣé Èpísítélì sí àwọn ará Róòmù lo kọ ni?"

Ní ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà, Ọ̀jọ̀gbọ́n bá olùkọ́ obìnrin kan tó dìwé ọkọ rẹ̀ mú. Káfíńtà ni ọkọ náà. Ìwé ọ̀hún ò ju ìlà kan lọ, ó sì wọ́: *Kí ó lọ, Ọlọ́run á mú un bọ̀.*

Ọ̀jọ̀gbọ́n na ọrùn wò ó. "Ṣé ìṣó ni ọkọ ẹ fi kọ eléyìí?"

"Bírò ni, sà."

"Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó ju àpò ìwé tirẹ̀ sórí tábìlì. "Akọ̀wé, ka tèmi sókè ketekete, kí ọmọ yìí gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé nílé ọ̀mọ̀wé."

Akọ̀wé ya àpò ìwé náà, ó wojú Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó tún wo bébà, ó sì kà á sókè ketekete: "Ilé ò gbọdọ̀ ṣófo, n ò fọwọ́ sí i. Ohun tí ọkọ mi kọ sẹ́yìn ìwé ìgbaniwọlé mi ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn náà nìyẹn, mi ò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀, mi ò fi ọ̀kan kún un."