Àyè Mẹ́jọ Tó Ṣófo

Ẹ ka ìtàn yìí dé ìlà tó kẹ́yìn kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá èèyàn ta ilé, tí ẹ ń fi fóònù wá oníbàárà, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Akínbíyì ń ṣe ajẹ́ǹtì ilé ní Ìkirè. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì, níbi tí àwọn tó ń ta dòdò ti máa ń sáré tẹ̀ lé mọ́tò. Ilé mẹ́rin péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pinnu pé òun máa di ajẹ́ǹtì tí gbogbo Ọ̀ṣun mọ̀. Ìpinnu kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ máa bá mi bọ̀.

Ó ra tíìmù kan, ìyẹn àwòṣe ìkànnì tí wọ́n ti ṣe kalẹ̀ fún àwọn tó ń ta ilé, tí èèyàn á kàn fi orúkọ àti àwòrán tirẹ̀ sí. Tíìmù náà dára lóòótọ́. Ó ní máàpù tó ń júwe ilé, èèyàn lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà bó ṣe wù ú, ó sì ní àmì pupa gbọọrọ tí wọ́n kọ Ó WÀ FÚN TÍTÀ sí, tí èèyàn lè fi ìka fà lọ síbikíbi lórí àwòrán. Àmọ́ àyè ilé méjìlá ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. Ó fi mẹ́rin síbẹ̀, àyè mẹ́jọ ṣófo.

Fọláṣẹwà ìyàwó rẹ̀ fi ibi tí wọ́n ti ń dín àyè náà kù hàn án. Ó ní kó sọ ọ́ di mẹ́rin, ojú ewé náà á sì kún dáadáa. Ọkọ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín.

"Ta ló máa pe ajẹ́ǹtì onílé mẹ́rin?"

2.
Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà lọ sí Àpòmù, ó ń fi fóònù ya àwòrán ilé onílé kiri. Ilé kẹjọ tó yà ni ti Màmá Jọkẹ́, opó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Màmá yìí ló kọ́ Akínbíyì ní a, bí, dí.

Lára ògiri ilé náà, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ̀yin náà ti rí irú rẹ̀ rí. Oníjìbìtì kan ló fẹ́ tà á nígbà tí bàbá ilé kú, ni ẹbí bá kọ ọ́ síbẹ̀. Bàbá ti sọ kó tó kú pé gbogbo ọmọ òun ló ni ilé náà, pé kí màmá máa gbé ibẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé, bí kò bá ṣáà ti tà á.

Akínbíyì kí màmá, ó ní ilé wọn dùn ún wò, òun fẹ́ kí ayé rí ẹwà Àpòmù. Inú ìyá dùn. Ó bọ́ sójú fèrèsé, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì rẹ́rìn-ín sí fóònù ọmọ tó kọ́ níwèé.

Nígbà tí Akínbíyì gbé àwòrán náà sórí ìkànnì, ọ̀rọ̀ ara ògiri hàn ketekete. Ó fa àmì pupa yẹn wá síbẹ̀, ó fẹ̀ ẹ́, ó sì fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, òun á sọ pé wọ́n ti tà á.

3.
Boaz, àkọ́bí ọkọ màmá, ọmọ ìyálé, ń gbé Ìbàdàn. Níbi tó ti ń wá ilẹ̀ Àpòmù lórí fóònù ló ti rí ilé bàbá rẹ̀. Máàpù júwe rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó pe Akínbíyì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó bi í pé ta ló gbé ilé náà fún un. Oníbàárà kan jókòó níwájú Akínbíyì lásìkò yẹn, ojú sì tì í láti sọ òótọ́.

"Màmá tó ń gbénú ilé ni wọ́n gbé e fún wa, sà."

Gbólóhùn kan péré. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹbí pé jọ. Màmá ní òun ò mọ nǹkan kan nípa títà, pé wọ́n kàn ya òun ni. Boaz na fóònù sí i.

"Màmá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé yìí? Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n bo ohun tí a kọ sára ògiri."

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Wásinmi. Ó dùn mí wọra bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

4.
Lọ́jọ́ kejì, Fọláṣẹwà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ṣí ìkànnì ọkọ rẹ̀, ó rí màmá lójú fèrèsé. Kò pariwo.

"Torí àyè mẹ́jọ, o lé tíṣà rẹ kúrò nílé. Dìde, ká lọ."

Akínbíyì bẹ̀bẹ̀ pé òun á kàn yọ àwòrán náà kúrò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi wọ bàtà. Nígbà tí wọ́n dé Àpòmù, Akínbíyì dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹbí, ó ní irọ́ lòun pa, màmá ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó fi ìka fa àmì pupa náà kúrò níṣojú wọn, ọ̀rọ̀ ara ògiri sì yọ síta. Boaz fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò lọ bẹ màmá ní Wásinmi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni màmá fi kọ̀ kó tó gbà láti padà. Nígbà tó délé, kò béèrè oúnjẹ, ọ̀dà pupa ló ní kí wọ́n ra wá. Ó fi ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé sójú pátákó láyé ọjọ́sí kọ ìlà kan sí i sábẹ́ ti àtijọ́: AKÍNBÍYÌ, MÁ YÀ Á.

Kí oṣù yẹn tó parí, àwọn onílé mìíràn ti kọ ìlà yẹn sára ògiri káàkiri Àpòmù, ó sì ti dé Ìkirè. Akínbíyì yọ gbogbo ilé tó yà kúrò, àwọn tó ni ilé mẹ́rin àkọ́kọ́ sì wá gba kọ́kọ́rọ́ wọn. Ìkànnì náà ṣì wà níbẹ̀ lónìí, gbogbo àyè méjèèjìlá ṣófo.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kìlọ̀ fún yín: ẹ má fi ohun olóhun dí àyè tó ṣófo. Bí àyè bá pọ̀ ju ohun tí ẹ ní lọ, ẹ dín in kù, ìtìjú kankan ò sí níbẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.