Ìlà Kan Tí Kíá Pa Rẹ́

Ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnì kankan. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán ná, nítorí ìdajì rẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí mo lọ gba ṣòkòtò mi lọ́wọ́ aránṣọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo ní kí ló dé tí ẹsẹ̀ kan fi gùn ju èkejì lọ. Obìnrin náà kò tilẹ̀ bá mi jiyàn, ẹkún ló bú sí. Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ló gbà á lọ́kàn.

Kíá ni wọ́n ń pe àbúrò náà. Oníṣẹ́ iná ni, orúkọ yẹn sì bá a mu: ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ tán, ó ti dáhùn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ yìí, wọ́n sì ń retí ọmọ. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe bisikíìtì wá ń wá ẹni tí yóò máa kọ àṣẹ fún àwọn ẹ̀rọ wọn. Ẹni tí wọ́n bá mú yóò gba iṣẹ́, yóò sì gba ilé oníyàrá méjì mọ́ ọn. Ẹ ti rí ohun tí ọkùnrin náà ń lé.

Ìdánwò tí wọ́n fẹ́ fi yan ẹni náà kò gba kéèyàn wọ ọkọ̀. Kò sì sí sọ́fítíwíà kankan tí èèyàn máa gbé sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Yóò kàn ṣí ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, yóò kọ àṣẹ síbẹ̀, apá irin ńlá kan nínú yàrá kan lọ́nà jíjìn yóò sì máa gbé páálí láti orí tábìlì kan sí èkejì. Kámẹ́rà ni yóò máa fi hàn án, ẹni tó bá sì gbé páálí tó pọ̀ jù láàárín àkókò tí wọ́n dá ni wọ́n máa mú. Apá irin gidi ni o, kì í ṣe àwòrán eré ọmọdé. Obìnrin kan ló ń tọ́jú yàrá náà, Ìyá Yàrá ni gbogbo àwọn tó ń ṣe ìdánwò ń pè é. Bí páálí bá já bọ́, òun ni yóò ṣí ilẹ̀kùn ọgbà irin tó yí ẹ̀rọ náà ká, tí yóò wọlé lọ gbé e.

Lókè ibi tí olúkúlùkù ń kọ àṣẹ sí, ìlà kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: *Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, dúró.*

Lọ́jọ́ kìíní, Kíá ṣe dáadáa. Ìyá Yàrá fúnra rẹ̀ yìn ín lórí fóònù.

"Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ yá o. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀. Àwòrán tí ò ń wò yẹn máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. O lè máa wo ẹ̀yìn mi nígbà tí mo ti kọjú sí ọ."

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. Ojú mi ríran."

"Ta ló ń bá ojú rẹ wí? Íńtánẹ́ẹ̀tì ni mò ń bá wí."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n páálí ń já bọ́. Bó bá ti já bọ́, ilẹ̀kùn á ṣí, apá irin á dúró gbagidi, Kíá á máa wo aago ara ògiri, inú á máa bí i. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó fi ìka lé ìlà òkè yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí lẹ ń pa rẹ́ yẹn?"

"Ìlà kan tó ń fà mí sẹ́yìn."

"Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?"

"Àwọn ojo. Bí obìnrin yẹn bá wọlé, ṣé mi ò ní rí i ni? Èmi fúnra mi á dá ẹ̀rọ dúró."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Kíá! Ìgbà tí o sọ gbogbo àdúgbò sínú òkùnkùn, 'màá rí i' náà lo wí."

"Àǹtí, ẹ tún ti gbé e dé! Ọ̀rọ̀ àtijọ́!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìlà náà lọ.

Kò pẹ́, páálí kan já bọ́. Lójú kọ̀ǹpútà, ọgbà irin ṣófo, ilẹ̀kùn wà ní títì. Kíá ní, "Wọn ò tíì wọlé. Ẹ jẹ́ kí n gbé méjì sí i." Ó tẹ àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ òjò ń rọ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì ń wọ́ ẹsẹ̀. Ohun tí ó ń wò ti kọjá. Ìyá Yàrá ti ṣílẹ̀kùn, ó ti wọlé, ó ti bẹ̀rẹ̀ síbi páálí, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé ilẹ̀kùn tó ṣí ti dá ẹ̀rọ dúró bíi ti ojoojúmọ́.

Igbe ló kọ́kọ́ dé, lórí fóònù tí wọ́n ṣí sílẹ̀ láàárín ara wọn. Àwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀ lé e.

"Mà! Mà! Ẹ dá mi lóhùn!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré wọlé, ó fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ. Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe fún apá irin tó wà lọ́nà jíjìn? Ẹnì kan ní yàrá kejì lọ́hùn-ún ló já iná, òun ló jẹ́ kí obìnrin náà yè.

Nígbà tí wọ́n pe Kíá, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bi í pé, "Kí ló dé tó o fi pa á rẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Àkókò mi ló ń lọ."

Ọ̀gá ṣí ojú ìwé àlàyé tí Kíá ti fò kọjá lọ́jọ́ kìíní. "Kà á sókè."

Kíá kà á. "Àkókò tí ilẹ̀kùn bá fi wà ní ṣíṣí... kò sí nínú ìṣirò."

Ó tún un kà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka darí ohun tó wà lọ́nà jíjìn, èèyàn wà níbẹ̀ o! Má ṣe pa ohun tó ń dá ọ dúró rẹ́, láìbéèrè ẹni tó ń dáàbò bò. Wọ́n ń fi èmi ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo máa ń pẹ́ lórí ìwé. Kí wọ́n máa ṣe é lọ. N kì í fo ìlà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ohun tó lọ nìyí: ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Yàrá, láti ọrùn ọwọ́. Iṣẹ́ bisikíìtì. Ilé oníyàrá méjì. Yàrá ìdánwò tí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rìndínlógún mìíràn ń lò. Wọ́n ti tì í pa. Ọmọ Kíá ti dé, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n ṣì wà.

Ìlà kan ṣoṣo ló pa rẹ́.