Ààbò Tí Wọ́n Bá Wá

Ògbufọ̀ náà ń sáré nínú yìnyín, gbogbo abúlé sì ń tẹ̀lé e. Òun ló ti ń sọ fún wọn pé nítorí ààbò wọn ni àwọn ọmọ ogun Jàpáànì ṣe wá sí Mánṣúríà, ilẹ̀ wọn ní Ṣáínà. Ó tilẹ̀ ní kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn mọ́. Ìgárá ọlọ́ṣà wá wọlé lọ́sàn-án gangan, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tirẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ kó.

Ó bá Ọ̀gágun Morikubo àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ihò tí wọ́n ti ń wa èédú.

"Ẹ gbà wá, ọ̀gá. Olè ti dé."

"Ṣé wọ́n fọwọ́ kan èédú?"

"Rárá, sà. Ẹlẹ́dẹ̀ mi ni."

"Kí ló wá kàn mí? Máa lọ sílé."

Bàbá Tong, aládùúgbò rẹ̀, fà á láṣọ. "Ọ̀mọ̀wé wa, kí ni ọ̀rẹ́ rẹ wí?"

Ògbufọ̀ fẹ́ parọ́ bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ara rẹ̀ ló pa á.

"Bàbá, ó ní a kì í ṣe èédú."