Ojú Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Awótúndé

Ní ọdún 1999, ọmọ ọ̀gá Awótúndé fi kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́ láti òkè òkun sí ilé-ìwé gíráámà tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe pirinsípà ní Èrúwà. Ojú kọ̀ǹpútà náà pẹlẹbẹ bíi fọ́tò tí wọ́n gbé kọ́ ògiri. Kò yọ iké lẹ́yìn bíi tẹlifíṣọ̀n. Ìbílọlá akọ̀wé, tí gbogbo ilé-ìwé ń pè ní Ìyá Àmínà, ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lọ ní ìrọ̀rùn. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó tan kọ̀ǹpútà, ó rí i pé gbogbo lẹ́tà ti wú, etí wọn sì ti dàrú bíi yíǹkì tí omi kán sí. Ó nu gíláàsì. Ó pa á, ó tún un tàn. Bákan náà ni.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Àkíbù tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tú nǹkan kan. Ó tẹ ibi mẹ́ta mẹ́rin, lẹ́tà sì mọ́ kedere.

"Àmì wínníwínní ló para pọ̀ di ojú yìí," ó ní, "iye wọn sì ti wà bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Bí ẹ bá ní kó lo iye tó kéré sí i, lẹ́tà á tóbi lóòótọ́, àmọ́ á máa ṣe bàìbàì. Ẹnìkan ló yí i, Ìyá Àmínà. Kì í dédé yí."

Ó fi ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe hàn án. Lọ́jọ́ Rú, lẹ́tà tún ti wú. Ìbílọlá tún un ṣe. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó tún ti wú.

Kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì náà kò ju mẹ́ta lọ: ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀kan lọ́wọ́ Búrẹ́mọ̀ tó ń tọ́jú fáìlì. Búrẹ́mọ̀ ń lọ kọ́ títẹ̀wé ní Ìgbó-Ọrà ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Nínú ìpàdé òṣìṣẹ́, òun ló dìde tó ní wọ́n ń ba kọ̀ǹpútà ilé-ìwé jẹ́.

Ọ̀gá Awótúndé pe Ìbílọlá. Ó ti rẹ ọ̀gá. Láti ìgbà tó ti pa mọ́tò rẹ̀ tì sílé, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wá.

"Ìyá Àmínà, ọwọ́ ta ni kọ̀ǹpútà wà?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Mo gbọ́dọ̀ fún yín ní kúẹ́rì. Ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ wá."

Ìbílọlá tẹ kúẹ́rì ara rẹ̀. Ọ̀gá ní kó kà á sókè, kí òun gbọ́ bó ṣe dún. Ó kà á. Ó fi ìka tọ́ka síbi ìbuwọ́lù fún ọ̀gá, ọ̀gá sì buwọ́ lù ú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún tẹ òmíràn. Bó bá di mẹ́ta, ilé ló kàn. Ó ro ti Àmínà ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì kejì nílé-ìwé náà, ó sì ro ti ìyá tó bí i, tó wà ní Ìdèrè.

"Màá ká a mọ́bẹ̀," ó sọ fún Àkíbù. "Màá jẹ́ kí Búrẹ́mọ̀ rí mi lójúkojú."

"Ẹ ṣe pẹ̀lẹ́," Àkíbù ní.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti dé ilé-ìwé kí agogo méje tó lù. Fèrèsé ọ́fíìsì wà ní ṣíṣí, ó sì ń gbọ́ tí ẹnìkan ń tẹ kọ̀ǹpútà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń sinmi láàárín. Ó bọ́ bàtà. Ó rọra ṣí ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá Awótúndé ló jókòó síbẹ̀, ó sún mọ́ gíláàsì títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó ń fi ìka tọ àwọn lẹ́tà ńláńlá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ilẹ̀kùn dún, ó gbójú sókè, ó wo Ìbílọlá tó dúró síwájú rẹ̀ nínú oòrùn àárọ̀, àyè àárín wọn kò ju ìwọ̀n apá kan lọ, ó sì béèrè pé, "Ta nìyẹn?"