Èrò Àwọn Tó Ka Ilé Àlejò Ìdí Máńgòrò

Nígbà tí ìwé Azeemah jáde, kò gbé e lọ sọ́jà. Ó tò ó sínú àpò, ó so àpò mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in láti àdúgbò Sakasaka dé Kakpagyili, fún àwọn tó mọ ẹbí rẹ̀ tipẹ́. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Ilé àlejò kan dá wà láàárín igbó, òjò gbé afárá lọ, àwọn àlejò mẹ́fà há síbẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n bá òkú ọmọbìnrin kan nínú yàrá tí wọ́n ti ìta tì pa. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, torí Yorùbá tó ń sọ nínú ilé kò tó ìwé kọ. Ó kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ pé Shamsiya ni òun kọ ìwé náà fún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó kú lójú ọ̀nà Salaga nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi ẹni tó bá ti kà á tán: ibo ni kò ti dà bí òótọ́ lójú rẹ?

Abibata ló kọ́kọ́ dá a lóhùn. Nọ́ọ̀sì ni, inú ilé kan náà lòun àti Shamsiya jọ dàgbà. Ó ní ìwé náà pa òun lẹ́kún, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í tètè gbẹ bí Azeemah ṣe kọ ọ́ yẹn, pàápàá nígbà òjò. Azeemah dúpẹ́, ó fa ìwé àkọsílẹ̀ kan yọ, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ orúkọ Abibata.

Olúbọ̀dé aránṣọ, tó bá Shamsiya jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé, kò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn rẹ̀. Ó ní òun kò tíì kà á dé ìdajì tóun ti mọ̀ pé alásè ilé àlejò ló pa ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n òun kà á parí, òun kò rí ìdí tó fi pa á. Ó ní ìwé tó bá sọ ẹni tó pànìyàn tí kò sọ ìdí, kò tíì parí. Azeemah kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Olúbọ̀dé béèrè ìgbà tí yóò tún un tẹ̀, kí wọ́n lè ṣàtúnṣe sí i. Azeemah ní òun kò ní í tún un tẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ láti ilé dé ilé. Àwọn mìíràn kàn ń yìn ín. Ìyìn kì í dùn mọ́ ọn. Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì tún béèrè ìbéèrè rẹ̀.

Ẹni tó kù ni Alhaji Mùsbáù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó ń ta abọ́ tánganran nínú ọjà ńlá. Òun ló gba Azeemah sọ́dọ̀ lẹ́yìn ikú Shamsiya, òun ló rán an níléèwé, òun ló sì fi ìwé kíkà sí i lára. Ó ti gba ìwé náà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sọ nǹkan kan. Bí Azeemah bá yà sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ oòrùn àti ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni yóò máa bá a sọ. Oúnjẹ kò wá lọ lẹ́nu Azeemah mọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Àlàásàrì, Alhaji ránṣẹ́ pè é. Azeemah ra àkàrà kóósé gbígbóná lọ́nà. Ó bá a lórí ẹní, ìwé náà wà lórí orúnkún rẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun kà á. Ó ní òun kò mọ̀ pé irú ọgbọ́n báyìí wà nínú ilé àwọn, pé ká ní bàbá rẹ̀ wà láyé ni, yóò gbé e káàkiri fi yangàn. Omi lé sí Azeemah lójú. Ó bi í léèrè bó ṣe bi gbogbo èèyàn.

"Ibì kan ló kù," ni Alhaji wí. "O ní alásè ju kọ́kọ́rọ́ sínú igbó. Ẹni tílẹ̀ ti fẹ́ mọ́ bá kò ní í rìn dé etí igbó nínú ẹrẹ̀. Inú àmù ẹnu ilẹ̀kùn ni yóò jù ú sí, èyí tó fọ́ létí yẹn. Ta ló máa wá kọ́kọ́rọ́ nínú omi mímu?"

Bírò Azeemah dúró díẹ̀, ó sì tún ń lọ.

"Bàbá," ló wí, "kí lẹ rò pé ó mú un pa á?"

Alhaji bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún.

"Bóyá ọmọ náà rí ohun tí kò yẹ kó rí, tó sì ní òun máa sọ ọ́ nílé."

Ó ní kó fi í sínú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá máa tún un tẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún un. Azeemah kúnlẹ̀, ó ṣe àmín, ó dúpẹ́. Ó pa ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dé. Láti ọjọ́ náà, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó rò nípa ìwé náà mọ́.

Kò sí àmù kankan nínú ìwé Azeemah láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú ilé àlejò kan lójú ọ̀nà Salaga ni àmù tó fọ́ létí wà, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti bu omi mu ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ní àárọ̀ tí wọ́n lọ gbé òkú Shamsiya nínú yàrá tí wọ́n ti ìta tì pa, tí ọwọ́ Azeemah kan kọ́kọ́rọ́ yàrá náà nísàlẹ̀ omi, tó fi í pa mọ́ fún ọlọ́pàá, fún ẹbí, fún gbogbo ayé, títí tó fi jókòó kọ ìwé tó ní inú igbó ni wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ náà sí, tó sì pín in fún gbogbo ẹni tó mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó lè mọ ẹni tí yóò sọ ibi tó wà gan-an.