Àmì Funfun Lára Ahọ́n Akíntáyọ̀

Gbéminíyì ló kọ́kọ́ rí i. Àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù keje ni. Akíntáyọ̀ ọkọ rẹ̀ ń fọ eyín lẹ́bàá kànga ẹ̀yìnkùlé wọn ní Iyaro nílùú Benin, ó sì ń fi ẹnu tó kún fún ìfófòó bá a sọ̀rọ̀.

“Dádì Ìyìn, ẹ yọ ahọ́n yín kí n rí i.”

Ó yọ ọ́. Ohun funfun kan wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì ahọ́n náà, ó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò, etí rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀.

“Ṣé ó ń dùn yín?”

“Rárá o. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.”

Gbéminíyì tún un wò dáadáa. Ó ní ọkọ òun gbọ́dọ̀ rí dókítà eyín, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ Mọ́ńdè.

Akíntáyọ̀ kì í ṣe ẹni tó máa ń sáré lọ sí ọsibítù. Táìlì ló ń tà ní New Benin, ibà kò sì lè mú kó ti ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó ní láti fà á lọ́wọ́. Jẹjẹrẹ ahọ́n ló pa bàbá rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Baba tí gbogbo àdúgbò máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkèèrè, ọwọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́jọ kó tó kú. Ohun funfun kékeré báyìí náà ló fi bẹ̀rẹ̀.

Dókítà Ṣèyíọlá, obìnrin ọmọ Oǹdó tó ní ilé ìtọ́jú eyín ní GRA, fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ di ahọ́n náà mú, ó fà á síta, ó tan iná sí i. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ yíká. Ó tẹ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó tẹ ọrùn rẹ̀.

“Ṣé ẹ ń mu sìgá?”

“Rárá.”

“Aáṣáà ńkọ́?”

“Bàbá mi ló ń jẹ ẹ́. Jẹjẹrẹ ahọ́n ló sì pa wọ́n.”

Dókítà náà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. “Ohun méjì mẹ́ta ló lè jẹ́, mi ò sì fẹ́ fojú lásán sọ ọ́. Màá gé bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. A ó gba ẹ̀jẹ̀ yín náà.”

“Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀?” Gbéminíyì ló béèrè. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, báàgì tó máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ní báńkì wà lórí itan rẹ̀. “Kí ló kan ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ahọ́n?”

“Nígbà mìíràn, Mà, ẹnu ló máa ń tú àṣírí ara.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi retí èsì.  Akíntáyọ̀ ń fi fóònù ya ahọ́n rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, á fi ti òní wé ti àná. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, ó bi í léèrè iye oṣù tó wà láàárín ìgbà tí ti baba wọn bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Gbéminíyì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ gbọ́ tó ń gbàdúrà nínú yàrá: “Olúwa, má jẹ́ kó rí bí mo ṣe rò ó.” Àánú rẹ̀ ṣe é.

Òun nìkan ló lọ gba èsì, nítorí pé báńkì kò yọ̀ǹda ìyàwó rẹ̀.

“Kì í ṣe jẹjẹrẹ,” ni Dókítà Ṣèyíọlá wí.

Akíntáyọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Dókítà náà dúró títí ó fi gbé orí sókè.

“Sífílísì ni. Ibi ìbálòpọ̀ la ti ń kó o. Kò wọ́pọ̀ kí n rí i lẹ́nu báyìí. Ó lè sá pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó tó yọjú. Abẹ́rẹ́ méjì ni, ọ̀kan ní ìdí ọ̀tún, ọ̀kan ní tòsì, á sì lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó yín gbọ́dọ̀ wá.”

Ayọ̀ rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú kan. Nínú oṣù karùn-ún, ó kó táìlì lọ fún oníbàárà kan ní Wárì, ilẹ̀ ṣú bá a, ó sùn síbẹ̀, kò sì dá sùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, nínú ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí Ìyìnolúwa ọmọ wọn ti lọ sí lẹ́sìnnì, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń retí kó pariwo, tàbí kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Gbéminíyì sunkún, ṣùgbọ́n kò pariwo. Kò béèrè ẹni tí obìnrin náà í ṣe.

“Ẹ dìde, Dádì Ìyìn. Mo ti dárí jì yín.”

“Báwo lo ṣe lè dárí jì mí kíákíá bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ ṣáà dìde, ẹ jọ̀ọ́.”

Ìdáríjì náà wúwo lára rẹ̀ ju èébú lọ. Ní ọjọ́ kejì, ó kọ̀wé fi ipò olórí àwọn aṣọ́nà ní ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó ní òun kò yẹ lẹ́ni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó má fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ó ti fi ránṣẹ́.

Ní Tọ́sìdeè, àwọn méjèèjì jọ jókòó níwájú dókítà. Abẹ́rẹ́ mẹ́rin wà nínú àwo.

“Dókítà, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni,” ni Akíntáyọ̀ wí. “Èmi ni mo kó o wọlé. Ìyàwó mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀.”

“Mi ò tọ́jú ẹ̀ṣẹ̀ níbí, Sà.” Dókítà Ṣèyíọlá yíjú sí obìnrin náà. “Mà, ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ abẹ́rẹ́ yìí lè tibẹ̀ kú. Ṣé wọ́n ti gún yín nírú rẹ̀ rí?”

Akíntáyọ̀ di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Gbéminíyì rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

“Wọ́n ti gún mi ní méjèèjì fún àìsàn yìí kan náà,” ló wí, “nínú oṣù kẹta, oṣù méjì gbáko kí Dádì Ìyìn tó lọ sí Wárì.”